Ẹ Bi Hẹdimásítà Kẹ́ẹ Tó Ra Nǹkan Kan: Bí Ìjọ Ṣe Lè Lọ Ran Ilé Ìwé Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ará, tí pásítọ̀ bá ti dúró lórí pẹpẹ tó sọ pé ìjọ wa fẹ́ lọ ran ilé ìwé kan lọ́wọ́ níbi tí nǹkan ò ti rọrùn fáwọn èèyàn, nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo wa á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jọ. Aṣọ tí ò gba ọmọ wa mọ́, bàtà, ìwé àtijọ́, bọ́ọ̀lù, báàgì. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì á ti kún dé àjà, bẹ́ẹ̀ kò tíì sẹ́ni tó bá ọ̀gá ilé ìwé yẹn sọ̀rọ̀ rárá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ témi náà bá wọn lọ, ọ̀dà la kó lọ. A kun gbogbo kíláàsì nínú lóde, a ya àwòrán sára ògiri, ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi ṣe é, inú wa sì dùn gan-an. Hẹdimásítà dúpẹ́, ó gbàdúrà fún wa, àwọn ọmọ kọrin. Ìgbà tá à ń wọ bọ́ọ̀sì pé ká máa lọ ni tíṣà àgbàlagbà kan wá rọra sọ fún arábìnrin kan nínú wa pé ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á san án fún yín, àmọ́ òrùlé ló ń yọ wá lẹ́nu, tójò bá ti ṣú báyìí ńṣe là ń dá àwọn ọmọ padà sílé torí kíláàsì mẹ́ta ló ń jò. Mi ò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan náà, kò sẹ́ni tó gbójú sókè wò ó nínú wa. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ò tíì dé tí ọ̀dà tá a kùn fi ṣí kúrò lára ògiri.

Torí náà ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ ṣe lákọ̀ọ́kọ́ ni pé kẹ́ẹ gbé fóònù kẹ́ẹ pe hẹdimásítà, ó kéré tán oṣù mẹ́fà sígbà tẹ́ẹ máa lọ. Kẹ́ẹ má sì kàn bi í pé kí lẹ fẹ́ ká bá yín ṣe kẹ́ẹ wá mọ síbẹ̀, torí ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́ ò ní jókòó máa ka àìní rẹ̀ fún àlejò, ohun tó máa sọ ni pé ohunkóhun tí Ọlọ́run bá fi sí yín lọ́kàn. Ẹ bèèrè nǹkan téèyàn lè kà. Ọmọ mélòó ló wà nínú rẹ́jísítà? Mélòó ló wá sílé ìwé lónìí? Tó bá jẹ́ pé 200 lorúkọ wọn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé 130 ló wá, 70 yòókù dà? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn nìkan lè sọ gbogbo nǹkan tẹ́ẹ máa ṣe fún yín. Ó lè jẹ́ odò ló kún lọ́nà, ó lè jẹ́ àwọn ọmọbìnrin ni kì í wá tí wọ́n bá ń ṣe nǹkan oṣù, ó lè jẹ́ ọ̀nà oko, ó lè jẹ́ pé ebi ni. Ẹ tún bi í pé ọjọ́ mélòó nílé ìwé ò lè ṣí ní sáà tó kọjá, kí ló fà á? Kíláàsì wo làwọn ọmọ ti máa ń dá ilé ìwé dúró jù? Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti máa bèèrè ni pé, àwọn tó wá ṣáájú wa, kí ni wọ́n kó wá, níbo ló wà báyìí? Ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ máa gbọ́ pé kọ̀ǹpútà wà nínú stọ́ọ̀, iná ni ò sí, tàbí pé ẹ̀rọ omi wà àmọ́ ọjọ́ tí nǹkan kékeré kan ti já nínú ẹ̀ ni kò ti ṣiṣẹ́ mọ́, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ra irú ẹ̀.

Tágbára bá ká a, ẹ kọ́kọ́ rán èèyàn méjì tàbí mẹ́ta lọ wò ó kí gbogbo yín tó lọ. Ẹ rántí Nehemáyà. Ó dé Jerúsálẹ́mù, ó lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, ó dìde lóru pẹ̀lú èèyàn díẹ̀, ó lọ yẹ ògiri wò láti ẹnubodè dé ẹnubodè, kò tíì sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ fẹ́nì kankan. Ó di ìgbà tó ti fojú ara ẹ̀ rí i kó tó ní ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ. Káwọn tẹ́ẹ bá rán lọ náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde, kí wọ́n bá àwọn ìyá tó wá mú ọmọ sọ̀rọ̀, kí wọ́n bá ẹni tó ń gbálẹ̀ sọ̀rọ̀, torí ẹni tó ń gbálẹ̀ máa ń mọ ilé ìwé ju gbogbo wa lọ. Kí wọ́n má ṣèlérí kankan o. Kí wọ́n kàn wò ó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n padà wálé.

Ẹ máa rí àìní tó pọ̀, ó dájú. Ẹ mú ẹyọ kan, méjì tó bá pọ̀ jù, kẹ́ẹ ṣe é parí. Òótọ́ ni pé ó máa ń dunni láti rí mẹ́wàá kéèyàn mú ẹyọ kan, mo mọ̀, mo ti sunkún lórí ẹ̀ rí, àmọ́ tẹ́ẹ bá fọwọ́ kan gbogbo ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kò síkankan tó máa dúró.

Ẹ jẹ́ kí n fi tọ́ílẹ́ẹ̀tì ṣàpẹẹrẹ torí òun làwọn ìjọ kì í fẹ́ ṣe, kò ṣeé ya fọ́tò sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń lé ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò nílé ìwé. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2009 fáwọn ilé ìwé tówó wọn ò pọ̀ sọ pé ó yẹ kí tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan wà fún ọmọbìnrin 25, kí tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan àti ibi ìtọ̀ kan sì wà fún ọmọkùnrin 50. Ẹ wá ṣírò ẹ̀, ilé ìwé tó ní ọmọbìnrin 150 àti ọmọkùnrin 150, mẹ́fà ló yẹ káwọn obìnrin ní, káwọn ọkùnrin ní mẹ́ta pẹ̀lú ibi ìtọ̀ mẹ́ta, ká má tíì sọ tàwọn tíṣà. Mo ti dé ibi tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo wà fún gbogbo wọn, kò nílẹ̀kùn. Ọmọbìnrin ọdún 13 wo ló máa wọbẹ̀ nígbà tó ń ṣe nǹkan oṣù? Ilé ló máa jókòó sí, ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lóṣooṣù, tó bá yá kò ní lè bá ẹgbẹ́ ẹ̀ mọ́, ló bá jókòó sílé pátápátá. Torí náà tẹ́ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, ti obìnrin lọ́tọ̀, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, kí ilẹ̀kùn ṣeé tì látinú, kí garawa tó ní ìdérí wà níbẹ̀ fún páàdì, kí omi àti ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ ṣáláńgá ni, kó jìnnà sí kànga, ó kéré tán mítà 30, kí ìsàlẹ̀ kòtò ẹ̀ sì fi mítà kan ààbọ̀ ga ju ibi tómi wà nínú ilẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀ ń fi ọwọ́ kan ṣoore, ẹ̀ ń fi ìkejì da ẹ̀gbin sómi táwọn ọmọ ń mu. Kẹ́ẹ tó da símẹ́ńtì ẹyọ kan, ẹ béèrè pé ta ló máa máa fọ̀ ọ́? Ta ló máa máa ra ọṣẹ lẹ́yìn tá a bá lọ? Táwọn ará ibẹ̀ ò bá tíì rí ìdáhùn sí i, ẹ dúró ná, ẹ jọ wá a.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìwé rí. Ẹ má kó páálí ìwé lọ torí pé ó wà nílẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, èdè tó ń sọ nílé ló rọrùn jù fún un láti fi bẹ̀rẹ̀, àti ọdún 1953 ni UNESCO, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti ń sọ ọ́. Ẹ bi àwọn tíṣà pé ìwé wo ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, èdè wo ni, mélòó ló kù fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ wá rà á nítòsí ibẹ̀. Ìwé 40 tí tíṣà fúnra ẹ̀ mú dára ju 1,000 tí ẹnì kankan ò lè kà lọ. Kẹ́ẹ sì ṣe ṣẹ́ẹ̀fù síbi tọ́wọ́ ọmọ á ti tó o, kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n á fi àgádágodo tì kí ìwé má bàa dọ̀tí.

Tó bá jẹ́ àwọn tíṣà lẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́, mo gbà pé ìyẹn gan-an ló ń pẹ́ jù. Tí tíṣà bá wà nínú ìjọ yín, ẹ jẹ́ kóun àti tíṣà ibẹ̀ jọ jókòó, kí wọ́n jọ pète iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n jọ fi ìdérí ìgò àti páálí ṣe nǹkan ìṣirò, kí tiwa náà kọ́ lára tiwọn, torí ẹni tó ń kọ́ ọmọ 80 nínú yàrá kan láìsí ìwé mọ àwọn nǹkan tá ò mọ̀. Ẹ má ṣe gba kíláàsì lọ́wọ́ ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ. Ẹ máa padà sílé, òun lẹ máa fi síbẹ̀, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ máa bọ̀wọ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ ta ni ká mú lọ wá kù, èyí sì lè bí àwọn kan nínú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lọ ló yẹ kó lọ. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀, owó ibùsùn, owó oúnjẹ gbogbo èèyàn 25, kẹ́ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó iṣẹ́ tẹ́ẹ fẹ́ ṣe, ẹ máa rí i pé ìgbà míì owó ìrìn àjò máa ń ju owó iṣẹ́ lọ. Káfíńtà àti bíríkìlà wà níbẹ̀, wọ́n mọ ilẹ̀ wọn, wọ́n ń wáṣẹ́, tẹ́ẹ bá gbé iṣẹ́ fún wọn ọmọ wọn tó wà nílé ìwé yẹn náà á jẹ níbẹ̀. Kí wá ni èmi tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń to búlọ́ọ̀kù ń lọ to búlọ́ọ̀kù ṣe? Ẹ mú èèyàn díẹ̀ tó nídìí pàtó tó fi ń lọ, káwọn yòókù dá owó ọkọ̀ wọn sínú iṣẹ́ náà kí wọ́n sì máa gbàdúrà láti ilé. Mo ti rí arákùnrin kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀, owó tó yẹ kó fi wọ ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ra bẹ́ǹṣì kíláàsì méjì.

Lórí owó, ẹ ṣe bíi Pọ́ọ̀lù. Nígbà tó fẹ́ gbé ọrẹ lọ fáwọn aláìní, ó kọ̀wé sáwọn ará Kọ́ríńtì pé àwọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí ẹ̀sùn kà sáwọn lọ́rùn lórí owó náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yan àwọn arákùnrin míì tẹ̀ lé e. Tí Pọ́ọ̀lù bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwa ńkọ́? Kówó má wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Kí èèyàn mẹ́ta máa fọwọ́ sí i, kí gbogbo nǹkan ní rísíìtì, kẹ́ẹ ka àkáǹtì náà sétí ìjọ, kẹ́ẹ sì fi ẹ̀dà kan náà ránṣẹ́ sílé ìwé àti ẹgbẹ́ àwọn òbí, káwọn náà mọ iye tí wọ́n ní wọ́n ná lórúkọ wọn. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àtúnṣe. Ohun tẹ́ẹ jọ fẹnu kò sí, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ohun tí ìjọ máa ṣe, ohun tí ilé ìwé máa ṣe, ohun táwọn òbí máa ṣe, kí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ níbẹ̀ náà sì mọ̀ sí i kẹ́ẹ má bàa kọ́lé sórí ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí.

Ìwé ìrìnnà ò le. Ẹ yẹ pásípọ́ọ̀tù wò, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló fẹ́ kó ku oṣù mẹ́fà sí i lára. Ilẹ̀ tó bá ń béèrè káàdì abẹ́rẹ́ yellow fever, ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tẹ́ẹ bá gbà á ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí náà ẹ má fi dọ̀la. Láti July 2016, ẹ̀ẹ̀kan téèyàn bá ti gbà á, ó ti gbà á títí ayé nìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí dáadáa ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ẹ máa lọ, kí àgbàlagbà kan má dá wà pẹ̀lú ọmọ kan níbi tẹ́nì kankan ò ti rí wọn, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ pé àdúrà ló fẹ́ gbà fún un. Méjì ni, níta gbangba ni. Ẹ béèrè ìwà ẹni kọ̀ọ̀kan kẹ́ẹ tó mú un lọ, kó ní ẹni tó jẹ́rìí sí i, kì í ṣe torí pé ó ń kọrin nínú kúáyà. Kí ẹnì kan wà tọ́mọ tàbí tíṣà lè lọ bá tí nǹkan ò bá tọ́, kí wọ́n mọ orúkọ onítọ̀hún látọjọ́ àkọ́kọ́. Fọ́tò ńkọ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà, tó bá ní òun ò fẹ́, ó parí. Ẹ má ya ọmọ tó ń sunkún, tí aṣọ ẹ̀ ya, tí ikun ń kán nímú ẹ̀, kẹ́ẹ wá fi tọrọ owó. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ àti orúkọ ilé ìwé ẹ̀ sábẹ́ fọ́tò. Láti ọdún 1989 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kọ ọ́ sínú àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé pé ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara ẹ̀ àti iyì ẹ̀. Tẹ́nì kan bá wá sílé ìwé ọmọ mi tó ya fọ́tò ẹ̀ gbé sójú ayé pé ẹ wo òtòṣì yìí, mi ò ní gbà, torí náà mi ò ní ṣe é fọ́mọ ọlọ́mọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣèlérí fọ́mọ kankan pé màá padà wá, màá máa sanwó ilé ìwé ẹ, o ti di ọmọ mi. Ọmọ á gbà á gbọ́. Á máa wo ọ̀nà.

Ẹ̀bùn tẹ́ẹ bá mú lọ, ọwọ́ hẹdimásítà ni kẹ́ẹ kó o sí, kó pín in bó ṣe yẹ lẹ́yìn tẹ́ẹ bá lọ, kó jẹ́ àwọn tíṣà làwọn ọmọ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ má ju súìtì látojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, ọmọ lè kó sábẹ́ táyà. Ẹ má pín oògùn aràn tàbí oògùn kankan, kódà tí dókítà bá wà láàárín yín, láìjẹ́ pé ilé ìwòsàn ìjọba tó wà níbẹ̀ mọ̀ sí i, torí wọ́n lè ṣẹ̀ṣẹ̀ pín in fún wọn lóṣù tó kọjá.

Ìwàásù náà ńkọ́? Ìjọ ni wá, a ò ní fi Jésù pamọ́. Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé àti àwọn òbí, torí ọmọ ẹlẹ́sìn míì máa ń wà níbẹ̀, kẹ́ẹ sì má jẹ́ kó jọ pé ẹni tó bá gbàdúrà ló máa rí ìwé gbà. Ìlànà tí Red Cross àtàwọn àjọ míì jọ fọwọ́ sí lọ́dún 1994 sọ ọ́ gbangba pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi ìrànlọ́wọ́ fa ẹnikẹ́ni wọ ẹ̀sìn, Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé àti Caritas, àjọ aláàánú ti ìjọ Kátólíìkì, wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀, àwọn Kristẹni bíi tiwa nìyẹn. Tí wọ́n bá béèrè pé kí ló gbé yín wá, ẹ sọ fún wọn.

Ẹ má lọ lásìkò ìdánwò o, tẹ́ẹ bá sì ti débẹ̀, aago ilé ìwé ni kẹ́ẹ máa bá rìn. Ẹ má dá kíláàsì dúró torí ayẹyẹ ìkínikáàbọ̀, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ dúró sóòrùn fún wákàtí méjì kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àlejò mẹ́jọ. Alaalẹ́ ni kẹ́ẹ jókòó pẹ̀lú hẹdimásítà, kẹ́ẹ bi í pé kí la ṣe lónìí tí ò dáa? Ọjọ́ kìíní ó máa sọ pé kò sí. Ní ọjọ́ kẹta ó máa sọ ọ́.

Tẹ́ẹ bá padà délé, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ẹ máa pè wọ́n sórí kàlẹ́ńdà, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ṣé tọ́ílẹ́ẹ̀tì ṣì ń ṣiṣẹ́? Ìwé mélòó ló ti ya? Ọmọ mélòó ló wá lónìí? Lọ́dún tó ń bọ̀, ilé ìwé kan náà ni kẹ́ẹ padà sí, ẹ má wá òmíì torí pé fọ́tò tuntun wù yín.

Àwa padà síbi tá a ti kun ọ̀dà yẹn lọ́dún kejì. Èèyàn mẹ́rin péré la jẹ́. Káfíńtà méjì tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé náà ló tú òrùlé kíláàsì mẹ́ta palẹ̀ tí wọ́n kan òmíì sí i, àwọn bàbá ọmọ gbé pákó, iṣẹ́ tiwa ni pé ká sanwó ká sì jókòó ti àwọn tíṣà. Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà hẹdimásítà pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ dáadáa torí ariwo òjò tó ń lu páànù, ó ní ṣé ò ń gbọ́ ọ, mo ní ẹ ṣàánú ẹ sọ̀rọ̀ sókè sà, ó ní òjò ni mo ní kó o gbọ́, gbogbo wọn wà ní kíláàsì.